Òru tí Ìwà wà lẹ́yìn ògiri



Ní Ìjọrà Bàdíà tí mò ń gbé, bí òjò bá pọ̀, omi a máa wọ yàrá. Ní òru ọjọ́ kan, mo wà níwájú Ifá mi nígbà tí obìnrin kan ké láti yàrá kejì pé omi ti bá àwọn ọmọ òun lórí ẹní. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí ìwúre mi. Nígbà tí mo jáde, bàbá àgbà kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ti wà nínú omi tí ó mù ún dé orúnkún. Ó pọn ọmọ kan, ó gbé èkejì sí èjìká. Bàbá yìí ni àwọn ará ilé ń pè ní aláìgbàgbọ́, nítorí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kì í sì í bọ òrìṣà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi í pé: “Bàbá, bí ẹ kò bá gbà pé Ọlọ́run wà, ta ni yóò san oore yìí fún yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ṣé torí ẹ̀san ni a ṣe ń gbé ọmọ kúrò nínú omi?”

Ilé ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ni bàbá ti kàwé, lọ́dọ̀ Tai Solarin. Solarin (1922–1994) kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ilé ìwé wà lára ohun tí ó mú un fi ipò ọ̀gá ilé ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, tí òun àti aya rẹ̀, Sheila, fi dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, ilé ìwé tí kò sí lábẹ́ ìjọ kankan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn dáko. Ẹjọ́ tí ó bá àwa ẹlẹ́sìn rò ni pé a ń fi àdúrà dípò iṣẹ́, a sì ń gbójú sókè fún ohun tí ọwọ́ wa tó. Lójú tirẹ̀, ènìyàn lè hùwà rere láìbẹ̀rù ọ̀run àpáàdì.

Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé òkè ṣófo. Ṣùgbọ́n Ifá fúnra rẹ̀ sọ bí Ọ̀rúnmìlà ṣe fẹ́ Ìwà, ọmọ Sùúrù, tí ó ń bá a wí ṣáá títí Ìwà fi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ifá ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà, ṣùgbọ́n iyì rẹ̀ lọ, ó sì di ẹni tí ń wá Ìwà láti ilé dé ilé.

Ìtàn yìí ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ní òru yẹn, èmi ni ó bá wí: Ifá wà lọ́dọ̀ mi, Ìwà sì wà lẹ́yìn ògiri, nínú omi, lọ́dọ̀ ẹni tí kò bọ nǹkan kan.

Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá ké nígbà tí mo wà níwájú Ifá, mo máa ń dìde. Ikin kò ní sá lọ kí n tó padà.