Ìbò Tí A Fi Ẹnu Dì

Kò sí olùkọ́ kan nínú wa tí kò mọ bí a ti í pe rẹ́jísítà. Ní òwúrọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó ṣí ìwé náà, a ó pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò dáhùn pé òun wà níbẹ̀, a ó sì fa ìlà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà yìí ni a fi ń mọ̀, nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹni tí ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ń fi ẹ̀kọ́ ṣeré. Lónìí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ nípa irú orúkọ pípè mìíràn, èyí tí a kì í pè fún ọmọdé bí kò ṣe fún àwọn àgbà tí ń ṣòfin. Nínú èyí, kò tó kí ènìyàn wí pé òun wà níbẹ̀. Ó di dandan kí ó wí ẹni tí òun dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, gómìnà ni í yan àwọn tí yóò jókòó nínú àwọn àjọ ìjọba, tàbí kí àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní South Carolina, àwọn aṣòfin ni ó ń yan àwọn ọmọ àjọ tí ń sọ iye tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná lè gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn náà ni ó ń yan àwọn adájọ́ ńlá ìpínlẹ̀ náà. Ènìyàn lè gbé ibẹ̀ títí yóò fi darúgbó kí ó má mọ orúkọ ọmọ àjọ iná kan ṣoṣo. Síbẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó ń sọ iye tí yóò san lórí iná tí ó tàn sí yàrá rẹ̀ lálẹ́.

Báyìí ni a ti ń ṣe ìyàn náà. Ní ọjọ́ tí a dá, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ àgbà, tí iye wọn jẹ́ 46, yóò dìde láti inú ilé tiwọn, wọn yóò sì wá jókòó pẹ̀lú àwọn 124 tí ó wà ní ilé kejì, ní ìlú Columbia. A ó dárúkọ àwọn tí ń wá ipò. Lẹ́yìn èyí akọ̀wé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí ẹni tí òun yàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe fún ilé kejì pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn wọ́n máa ń gbà pé kí ẹ̀rọ gba ìbò ilé kejì dípò ẹnu. Ìwé òfin ńlá ìpínlẹ̀ náà ni ó pa á láṣẹ pé kí ìbò irú èyí jẹ́ ti ẹnu, àyàfi bí gbogbo ilé bá fi ohùn kan gbà láti ṣe é lọ́nà mìíràn, àti pé kí a kọ ìbò olúkúlùkù sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tí ó ti wá. Nígbà tí a bá ṣí ìwé náà, a ó rí i pé a to orúkọ àwọn aṣòfin sí abẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n yàn, bí a ti í to àwọn ọmọ ilé sí abẹ́ baálé wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí àwa fi ń pe nǹkan yìí ní èdè wa. Kí àpótí ìbò tó dé ilẹ̀ wa rárá ni ìbò ti wà. Lọ́dọ̀ àwọn babaláwo, ohun tí ẹni tí ó wá bèèrè ọ̀rọ̀ ń dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ìbò, owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì, tí ẹlòmíràn kò sì mọ ọwọ́ tí èyíkéyìí wà. Nítorí náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ìkọ̀kọ̀ nínú. Bí a bá sì sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé ibì kan wà tí a ti ń fi ẹnu dìbò ní gbangba, yóò bèèrè pé: ṣé ìbò ni èyí? Ìbéèrè rere ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé ìbò méjì ni ó wà, ìdí wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan ni ìbò ẹni tí ó ni ara rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń gbé lórí ilẹ̀ olówó, alágbàṣe tí ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá, bí ó bá dìbò ní gbangba, ó lè pàdánù oúnjẹ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí irú wọn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi àṣẹ lélẹ̀ ní ọdún 1872 pé kí ìbò àwọn ará ìlú jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1891 ni àwọn ará ìlú ṣì ń fi ẹnu dìbò lójú ọ̀gá àti ọ̀tá. Ìbò kejì ni ti aṣojú. Kì í ṣe ti ara rẹ̀ ni ó ń dì. Ti àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ni. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò lè padà dé kí ó wí fún ẹni tí ó rán an pé, 'Àṣírí ni ohun tí mo ṣe níbẹ̀.' Nítorí náà ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ààbò fún aláìlágbára, ṣùgbọ́n bí a bá fi í lé alágbára lọ́wọ́, ibi ìsápamọ́ ni ó dà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé South Carolina yìí kan náà, tí ó mú kí aṣòfin fi ẹnu dìbò, ni ó kẹ́yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà láti fún àwọn ará ìlú ní ìbò ìkọ̀kọ̀. Ọdún 1950 ni ó tó ṣe é. Ìpínlẹ̀ tí ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí a gbọ́ ohùn aṣojú pẹ́ púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó yẹ kí a bo ọwọ́ tálákà.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan nígbà kan rí, nígbà tí a fẹ́ yan akápò. Àwọn méjì ni ó ń fẹ́ ipò náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilé olówó tí ń ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ lọ́dọọdún. Èkejì jẹ́ ọkùnrin jẹ́ẹ́ kan tí ìwé owó rẹ̀ kì í ní àbùkù. Alága ní kí a máa pe orúkọ. Àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà ni a kọ́kọ́ pè, ìbátan ọmọ olówó náà sì ni. Ó dìde, ó ní, 'Ẹ̀jẹ̀ mi ni ẹni àkọ́kọ́, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe ti ilé wa. Ẹni kejì ni mo yàn. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.' Ọkùnrin jẹ́ẹ́ náà kò wọlé. Ìbò méjì ni ẹnì kejì rẹ̀ fi jù ú lọ. Àwọn ará ilé Bàbá Tíṣà sì bá a yodì fún ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ẹgbẹ́ di ìjà ní ọdún kejì, tí àwọn kan ń wí pé, 'Gbogbo wa ni a yàn án,' a ṣí ìwé, ìwé sì fi hàn pé kì í ṣe gbogbo wa.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn náà: gbogbo wa ni. Òun gan-an ni ọ̀tá orúkọ pípè. Ní South Carolina pàápàá, ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Kí ọjọ́ ìyàn tó dé, àwọn tí ń wá ipò a máa tọ àwọn aṣòfin lọ láti gba ìlérí wọn. Ẹni tí ó bá ti ka àwọn ìlérí, tí ó sì rí i pé òun kò ní borí, a máa yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù. Ilé yóò sì fi ariwo kan ṣoṣo gbà á wọlé. Kò sí òfin tí a rú. Ṣùgbọ́n inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìbò tòótọ́ ti wáyé, ìwé kò sì ní orúkọ ẹnì kan láti fi hàn wá.

Ohun tí èyí lè ná ìlú hàn ní ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ iná ńúklíà kan ní Jenkinsville. Ní ọdún 2007 àwọn aṣòfin South Carolina ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ iná máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí ilé tuntun ṣì wà lábẹ́ ìkọ́lé. Lábẹ́ òfin yìí, àjọ tí àwọn aṣòfin kan náà yàn fọwọ́ sí ẹ̀kúnwó lórí iná ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 2017, àwọn tí ń kọ́ ọ pa iṣẹ́ tì. Owó tí ó ju bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là lọ ti wọlẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 5,000 lọ. Àwọn opó àti àwọn àgbẹ̀ tí ó ti san owó náà lóṣooṣù kò sì rí iná kankan láti ibẹ̀. Àwọn aṣòfin bínú sí àjọ náà gidigidi. Ní ọdún 2018 wọ́n dín owó iná náà kù fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2020 wọ́n yan àwọn ènìyàn tuntun sí àwọn ìjókòó kan. Ìbínú wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ta ni ó yan àjọ náà? Ta ni ó ṣe òfin náà? Níbi tí a bá ti pe orúkọ, ìwé yóò dáhùn. Níbi tí ó bá jẹ́ ariwo, kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ọ̀nà kejì wà tí a fi ń sá fún orúkọ pípè, òun ni kí a má pè é rárá. Ní Virginia, àwọn aṣòfin ni ó ń yan àwọn mẹ́ta tí ń ṣe àjọ ńlá tí ó wà lórí iná, ilé ìfowópamọ́ àti ìṣòwò adójútòfò, fún ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Ilé kan ní ọmọ 100, èkejì ní 40, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu kò. Ní ọdún 2022 àti 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni ó ni ilé kìíní, ẹgbẹ́ kejì ni ó ni ilé kejì; wọn kò rẹ́, ìjókòó kan ṣófo, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn tún ṣófo, títí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2023 ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú àwọn mẹ́ta. A ní láti pe àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì padà láti ràn án lọ́wọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni a tó yan àwọn méjì tí ó kù.

Ẹnì kan lè wí fún wa pé ohùn gbangba ní ewu tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ojú tí àwa fi ń wo aṣòfin, ojú kan náà ni ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú àti ilé-iṣẹ́ olówó fi ń wò ó, wọ́n sì lè jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó ṣe rere. Bàbá Tíṣà mọ èyí ju wa lọ. A kò sẹ́ ewu náà. Ohun tí a wí ni pé, bí a bá pa ìbò aṣòfin mọ́, àwọn alágbára yóò ṣì mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ní ẹsẹ̀ tí ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa tí a wà lóde nìkan ni kò ní mọ̀. Aláìlágbára kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbọ́ ju pé kí a sọ ọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, gómìnà ni ó ń yan àwọn ọmọ àjọ ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà lórí òṣìṣẹ́ ìjọba àti èyí tí ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ni yóò fi ọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, igbe 'bẹ́ẹ̀ ni' kan ni a fi ń ṣe é, alága a kan òòlù mọ́ tábìlì, ó parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa bèèrè bí aṣojú wọn ti dìbò, kì í ṣe ẹni tí ó borí nìkan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń yan olórí nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ́ láti pa ìbò aláìlágbára mọ́, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹni tí a rán níṣẹ́. Àwọn baba wa wí pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ fi ń ronú kí ó tó lanu. Ẹni tí ó bá pariwo láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbé ẹyin kankan lọ́wọ́.