Ẹ Ka Ọmọ Tiwa Mọ́ Ọn

Nígbà tí a kó dé Àyọ̀bọ̀, ilé mẹ́sàn-án péré ló ti ní òrùlé ní òpópó wa. Ìyókù, ìpìlẹ̀ tí koríko ti bò ni. Ọ̀kan nínú wa ní ibẹ̀ dákẹ́ jù. Èkejì, tó ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an lòun ń wá. Ọdún méje nìyẹn. Ní báyìí, ẹ wá wo òpópó ọ̀hún láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀: kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ọmọ méje nínú rẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù oríṣiríṣi, ìyá kan ń sáré tẹ̀lé ọ̀kadà pé ọmọ òun ti gbàgbé oúnjẹ.

Ilé-ìwé mẹ́fà ló wà láàárín ilé wa àti títì, àdáni sì ni gbogbo wọn. Kò yà wá lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé àdáni ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Fúláàtì ni èyí tí ọmọ wa ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi pákó pín pálọ̀ rẹ̀ sí méjì, Nọ́sìrì Kejì lápá kan, Pírámárì Kìíní lápá kejì. Bí tíṣà apá ibí bá béèrè pé mélòó ni méjì pẹ̀lú méjì, apá ọ̀hún ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. A máa ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó tí à ń san níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ká tó lọ síbẹ̀, a ti kọ́kọ́ lọ wo ti ìjọba tó sún mọ́ wa jù. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni fún ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́wọ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Nínú kíláásì tí a dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a ka orí dé 80, a ṣíwọ́. Tíṣà náà mọṣẹ́ o. Ó mọ orúkọ àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Síbẹ̀ a wo ara wa lójú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a bá tiwa lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé ní àwọn fẹ́ kọ̀wé béèrè ilé-ìwé ìjọba sí àdúgbò. Bàbá Alága nawọ́ sí wa. "Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ mélòó la ní?"

A rò pé iye náà á kúkú wà níbì kan, ká kàn lọ wá a. Ohun tí a rí rèé. Ní 2006 ni wọ́n ka orí gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́, tí Àyọ̀bọ̀ jẹ́ apá kan rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ka tiwọn lọ́tọ̀ lọ́dún kan náà, wọ́n ní 2,047,026. Ọdún kan náà, ilẹ̀ kan náà, èèyàn tó lé ní 769,000 ló wà láàárín méjèèjì. Tí dátábéèsì méjì bá ta kora báyìí níbi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó máa sùn lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn máa tún kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kà gbẹ̀yìn ti tó dìbò.

Ọmọ tó ju ìṣirò lọ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ká sòótọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955 (abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni agbègbè tiwa yìí wà nígbà náà), iye ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣètò ò retí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, yàrá ò tó, àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Ó fòpin sí ti ọ̀sán, ó sì yára kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri. Àwọn alátakò ní ilé adìẹ ni. Inú ilé adìẹ yẹn lọ̀kan nínú wa ti kọ́ ABD. Ó mọ̀wé jàre.

A bá fúnra wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Fọ́ọ̀mù kékeré lórí fóònù, Sátidé méjì, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan béèrè bóyá owó-orí ni. Ìyá àgbà kan ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó pe gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ wojú wọn, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ kọ." Ilé kẹrin la ti ríṣoro. Ọmọbìnrin kan, ó tó ọdún mọ́kànlá, ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé wo lò ń lọ? Ó wẹ̀yìn, ó wo ẹni tó ń bá gbé. Ìyẹn dáhùn pé, "Ó máa bẹ̀rẹ̀ tó bá yá." Ọ̀nà méjì péré la ṣe sórí fọ́ọ̀mù wa, ti ìjọba àbí àdáni. Orí ìdúró níbẹ̀ la ti fi ẹ̀kẹta kún un.

Nígbà tí a parí, ilé 31, ọmọ 94. Àwọn 71 ń lọ sí àdáni, 14 ń rìn lọ sí ti ìjọba, mẹ́sàn-án kò lọ síbì kankan.

A tẹ̀ ẹ́ jáde, àwa àti Bàbá Alága gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wa. Ọkùnrin àgbàlagbà tó gbà á fara balẹ̀ kà á. A ti múra àtibínú sí i, àmọ́ kò fún wa láyè.

"Ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bọwọ́lùwé yìí, ta ló máa kó ọmọ tiẹ̀ wá tí wọ́n bá kọ́ ọ?"

Bàbá Alága wúkọ́.

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, sà. Àwọn 71 yìí, wọ́n á bi mí lókè pé ṣebí wọ́n ti rí ilé-ìwé. Kí n wá sọ pé kí ni? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa bọ̀ la ti rántí pé ilé 31 yẹn, tiwa ò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn gbogbo èèyàn la kàn, a ò kan tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, a ṣí fáìlì náà, a fi ilà kan kún un. Orúkọ. Ọdún mẹ́fà. Àdáni. Ó ku ìbéèrè tuntun tí bàbá ọ́fíìsì ní ká fi sí i. Ọ̀kan nínú wa ní ká kọ bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Èkejì ní ṣé torí àwọn mẹ́sàn-án la fi máa parọ́, àbí a máa gbé e lọ lóòótọ́? A jiyàn títí iná fi lọ. Kọ̀ǹpútà ṣì ní bátìrì, a ṣì jókòó tì í.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.