Ewé Tí Kò Tẹ Ilẹ̀: Lẹ́tà sí Ìyá Mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ní àkókò tí mò ń kọ ìwé yìí, ọyẹ́ ti mú ètè gbẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ọbańta, àti pé ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín ti ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Èmi náà ń bẹ níhìn-ín nínú òtútù tí ń wọni dé egungun, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, tí ẹni tó bá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nínú òkùnkùn á tún padà sílé nínú òkùnkùn.

Nígbà tí mo fi àwòrán ewé tí mo gbìn sínú yàrá mi ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ilẹ̀ wo ni ó ń jẹ? Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí fóònù a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí àbúrò mi lè kà á fún yín, kí ó sì tún un kà níbi tó bá yẹ ní títúnkà.

Ẹ má ṣe rò pé àìrí ẹ̀fọ́ rà ló sọ mí di àgbẹ̀ inú yàrá. Peckham tí mò ń gbé yìí, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá gba òpópónà Rye Lane kọjá lọ́jọ́ Sátidé yóò gbọ́ èdè wa ju ti onílẹ̀ lọ. Iṣu ń bẹ, ata rodo ń bẹ, ewédú àti ṣọkọ ń bẹ, kódà gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ti rẹ̀ kí ó tó dé orí àtẹ, owó rẹ̀ sì ga ju ara rẹ̀ lọ. Ilé tí mò ń gbé wà ní àjà kẹta. Kò ní ẹ̀yìnkùlé, kò ní àgbàlá, fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí ògiri aládùúgbò ni mo ní. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: bí kì í bá ṣe pé mo dé ibi tí ilẹ̀ ti já mọ́ mi lọ́wọ́, n kì bá tí mọ̀ pé ènìyàn lè ro oko láìní ilẹ̀. Obìnrin ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan, tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní alaalẹ́, ló kọ́ mi. Ike mẹ́fà ló tò sábẹ́ iná nínú ilé ìdáná rẹ̀, gbogbo wọn ló sì tutù yọ̀yọ̀.

Lẹ́tùsì ni wọ́n ń pe ewé náà, tútù ni àwọn ará ibí sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin kò ṣàjèjì sí ẹbí rẹ̀, nítorí ìbátan yánrin ni: bí ẹ bá já a, ẹ ó rí oje funfun tó ń sun láti ojú ibi tí ẹ ti já a, gẹ́gẹ́ bí yánrin ti ń ṣe, bí ó bá sì gbó jù, á korò bíi tirẹ̀. Kò ní agbára yánrin nínú ọbẹ̀, èmi kò sì ní pọ́n ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó yá, kò jìn ní gbòǹgbò, kò sì ń bèèrè ju ohun tí ènìyàn lè fún un nínú yàrá lọ.

Wàyí o, ìbéèrè yín kì í ṣe ìbéèrè kékeré, nítorí ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí gan-an ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ John Woodward ti wá ìdáhùn rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ó mú ewé míǹtì, ó fi wọ́n sínú ìgò omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: omi òjò nínú òmíràn, omi odò Thames nínú òmíràn, omi tí a po erùpẹ̀ ọgbà mọ́ nínú òmíràn. Ó wọn ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi í sínú omi, ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1699: èyí tó wà nínú omi òjò, tó mọ́ jù lọ, ni kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, èyí tí omi rẹ̀ ní erùpẹ̀ ló gbèrú jù, ó wá mọ̀ pé kì í ṣe omi nìkan ló ń di ewé, ohun kan wà nínú ilẹ̀ tí omi ń gbé wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1860, àwọn ará Jámánì méjì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, dárúkọ àwọn ohun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pò wọ́n mọ́ omi, wọ́n sì tọ́ ewéko dàgbà láìsí ẹyọ erùpẹ̀ kan. Láti ọdún 1929 ni William Gericke ti yunifásítì California ní Berkeley ti gbé ọgbọ́n náà kúrò nínú ìgò àwọn ọ̀mọ̀wé, tó sọ ọ́ di ọ̀nà oúnjẹ, tí tòmátì rẹ̀ sì ga débi pé àkàsọ̀ ni wọ́n fi ń ká a. Nítorí náà, Ìyá mi, ewé kì í jẹ ilẹ̀. Ilẹ̀ ni àwo tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Bí a bá bu oúnjẹ kan náà sínú àwo mìíràn, ewé kò ní kọ̀ ọ́.

Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ olówó gọbọi fún iṣẹ́ yìí, tó ní fáńpù, tó ní páìpù, tí omi rẹ̀ ń yí po tọ̀sán-tòru. Èmi kò rí ìdí tí òtòṣì fi ní láti ra á. Ọ̀nà tí mò ń tọ̀ ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bernard Kratky ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Hawaii là sílẹ̀, tí kò nílò iná mànàmáná láti fa omi rárá. Ike onílítà mẹ́rin tí áísìkirímù ti tán nínú rẹ̀ tó fún ìdí lẹ́tùsì kan láti kékeré títí di ọjọ́ ìkórè. Mo fi ọ̀rá dúdú wé e kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ inú omi, nítorí níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bá oúnjẹ ewéko pàdé, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á hù bo gbogbo rẹ̀. Mo tún fi bébà funfun wé ìta rẹ̀ kí ó má gbóná. Mo lu ihò kan sí ìdérí, mo ki kọ́ọ̀bù ike kékeré tí mo ti dá ìdí rẹ̀ lu wọ inú ihò náà, fóòmù ìfọwo tí mo gé kéékèèké, tí irúgbìn ti hù nínú rẹ̀, ló sì jókòó sínú kọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, omi ní láti kan ìdí kọ́ọ̀bù náà, kí fóòmù lè máa fà á mu.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, kí àbúrò mi rọra kà á. Bí ewé ti ń mu ni omi yóò máa fà sísàlẹ̀, àlàfo yóò sì máa ṣí sílẹ̀ láàárín ìdérí àti ojú omi. Ẹ má ṣe dí àlàfo náà. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò ti pín sí méjì: àwọn tó wà lókè, tí omi ti fi sílẹ̀, ti hu irun funfun wíńníwínní, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí, àwọn tó gùn dé ìsàlẹ̀ ló ń mu omi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣàánú rẹ̀, tó da omi kún ike dé ẹnu, àwọn tó ń mí yóò rì, ewé yóò rọ, yóò sì kú sínú ọ̀pọ̀ omi. Mo mọ ọwọ́ yín, Ìyá mi, ọwọ́ tí kò lè rí ewéko kí ó má bomi rin ín; gbogbo ẹ̀fọ́ tí a fi tọ́ wa ló jẹ́rìí sí ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ìfàsẹ́yìn omi ni ìlera ewé. Bí omi bá fẹ́ tán kí ewé tó tó ká, ẹ bu díẹ̀ sí i nísàlẹ̀, kí àlàfo òkè wà bó ti wà.

Ní ti oúnjẹ rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni mò ń pò. Fún lítà mẹ́rin omi, mo ń wọn gíráàmù 2.5 àdàlú ajílẹ̀ onípọ́dà tí wọ́n ṣe fún ewéko inú omi, gíráàmù 2.5 calcium nitrate, àti bí gíráàmù kan ó lé díẹ̀ nínú iyọ̀ Epsom. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ́ wọn sínú omi púpọ̀, nítorí bí calcium àti iyọ̀ Epsom bá pàdé nígbà tí wọ́n ṣì ki, wọn á dì bí ẹfun sí ìsàlẹ̀, ewé kò sì ní rí wọn mu. Ajílẹ̀ NPK tí a ń wọ́n sí ìdí àgbàdo kò ṣe é fi rọ́pò: kò ní calcium tó tó, púpọ̀ nínú nitrogen rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwọn ẹ̀dá aláìfojúrí inú ilẹ̀ ń bá ewéko tún ṣe, wọn kò sì sí nínú ike. Omi Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun nínú, ó ń fi ìpẹ́pẹ́ funfun sílẹ̀ sínú kẹ́tùlù wa, nítorí náà mo ní láti sọ ọ́ di kíkan díẹ̀ kí ewé tó lè jẹun dáadáa. Omi òjò tí ẹ bá gbè yóò sàn ju tèmi lọ.

Àìsí ìmọ́lẹ̀ ni ìyà tó ń jẹ mí jù níhìn-ín. Ní àárín ìgbà òtútù, ọ̀sán kò ju bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, nítorí náà iná LED ni mo gbé kọ́ sókè ewé, ó ń tàn fún wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́, owó iná sì ni ìnáwó mi tó pọ̀ jù. Ní Clapham, tí kò jìnnà síhìn-ín, àwọn kan gbé irú oko bẹ́ẹ̀ wọ inú ihò ìsádi tí wọ́n gbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní mítà 33 sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ní ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ewé tó hù níbẹ̀ lábẹ́ iná. Ihò mìíràn irú rẹ̀, ní Clapham South, ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá ọkọ̀ ojú omi Windrush dé sí ní ọdún 1948, nítorí pé wọn kò ní ibùgbé. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn, bí ènìyàn ṣe ń rí àyè níbi tí kò sí àyè.

Ẹ̀yin ní ohun tí mò ń fi owó rà: oòrùn ń bẹ ní Ìjẹ̀bú láìsan kọ́bọ̀. Ooru nìkan ni ọ̀tá yín. Lẹ́tùsì tí à ń rí ní ọjà Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti Jos wá, nítorí pé ilẹ̀ tútù ni ilẹ̀ òkè yẹn. Bí ibì kan bá gbóná kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irúgbìn rẹ̀ á sùn lọ, kò ní hù, èyí tó sì ti hù á sáré yọ igi òdòdó, á korò. Nítorí náà, ẹ gbé irúgbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi títí yóò fi hù, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń jí i. Ẹ gbé ike sí abẹ́ ìbòòji tí oòrùn àárọ̀ ń dé, nígbà ọyẹ́ tí òru tutù, tàbí ní oṣù Ògún tí ìkùukùu ń fi òjìji bo oòrùn. Ẹ di gbogbo àlàfo etí ihò pinpin, nítorí omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀fọ́ mi mú ibà wọ ilé. Bí ooru bá wá ṣẹ́gun rẹ̀, ẹ fi ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ sínú ike kan náà. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kò sì bẹ̀rù oòrùn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọgbọ́n òyìnbó tí kò lè dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ní Awọwọ̀, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, Samson Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soilless Farm Lab ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Àbújá, Angel Adelaja ti Fresh Direct ti gbin ewé sínú kọ̀ǹténà irin. Kò ní rọ́pò oko: ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ń fẹ́ ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ opó àti ọ̀dọ́ ló ń gbé yàrá kan ní àdúgbò wa tí wọn kò ní ibi tí wọn yóò ro, tí wọ́n ní ẹ̀bá ògiri àti ike méjì. Àwọn ni mo ní lọ́kàn jù.

Ohun tí mo bẹ̀ yín kò pọ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ gbin ìdajì irúgbìn sínú ike, ẹ gbin ìdajì sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹ ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá. Kí àbúrò mi máa fi rúlà wọn ibi tí omi dé ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kọ iye garawa omi tí ti ẹ̀yìnkùlé mu. Mo ti fi owó ajílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá ti ká èyí tó kọ́kọ́ tó, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ó korò.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
ní ìlú òyìnbó.