Ta Ni "Èmi" Inú Ìwé? Èrò Òǹkàwé Kan Láti Ekosodin

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó sórí àga tí èmi náà ti jókòó sí rí, mo kí yín láti Ekosodin, ní ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Ìbíní. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ní àdúgbò yìí ju ilé onílé lọ. Nígbàkúùgbà tí àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde bá ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọn a máa ta ìwé wọn ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn ìwé ni yóò jèrè. Báyìí ni ìwé oríṣiríṣi ṣe dé ọwọ́ mi láàárín ọdún kan tí ó kọjá. Àwọn kan jẹ́ ìtàn ìgbésí-ayé, àwọn kan jẹ́ ìwé ìgbàgbọ́, àwọn yòókù sì jẹ́ ìtàn àròsọ. N kò kà wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n ni mo ṣe kà wọ́n, mo sì fi díẹ̀ tí mo ti ní nílé tẹ́lẹ̀ kún un. Èrò mi nípa wọn ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe bí lámèyítọ́ tí ó ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, bí kò ṣe bí òǹkàwé lásán tí kò lè pa ẹnu mọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú kíkà náà ni èyí. Àwọn Yorùbá tí ó sọ ìtàn ìgbésí-ayé ara wọn ní tòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn fi sọ ọ́. Àwọn tí ó sì ń wí pé "èmi, èmi" ní èdè Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn ni ìyá kankan kò bí sáyé. Inú orí òǹkọ̀wé ni wọ́n ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1837 ni ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó fi ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Bí gbogbo wa ṣe kọ́ ìtàn yìí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn mẹ́ta péré ni: wọ́n kó o, wọ́n tà á, àwọn ọkọ̀ ojú-omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á là, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni mo tó rí i pé wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì nítorí pé ẹṣin náà kò wu olóyè tí ó gbà á. Mo tún rí i pé ọmọdé náà gbìrò ní òru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, kí wọ́n má baà tà á fún àwọn Potogí. Àyà rẹ̀ ni kò gbà á. Ó kọ èyí sílẹ̀ láìfi bò, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń kọ̀wé sí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀! Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ẹ̀rù omi bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti gbé e sínú ọkọ̀, àárín àwọn àpò àgbàdo ni ó sì wà. Àpò àgbàdo wọ̀nyí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹni tí ó ń parọ́ kì í rántí àpò àgbàdo, àfi bí ó bá jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá.

Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884. Ó fún Jóòbù ní Yorùbá láti fi ké ìrora rẹ̀, ó fún Dáfídì ní Yorùbá láti fi sunkún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ti òun fúnra rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò bá a wí. Ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà ni ó kọ ọ́ fún, ìwé Yorùbá kò sì tí ì pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ ṣe ní 1960 nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì ni Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1981 nígbà tí ó kọ Aké.

Àwọn kan kò gba Aké gbọ́ pátápátá. Wọ́n ní báwo ni ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta yóò ṣe rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé-ìwé? Èmi gbà á gbọ́, ìdí mi sì ni pé ọmọ inú ìwé náà kì í wá ẹ̀kọ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè láti Aké títí dé Ìbarà, fèrè ni ó ń tẹ̀lé, kò sí ohun mìíràn. Bí ó ṣe rí nìyẹn náà nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí ọ̀rọ̀ owó-orí, ìjà tí ó mú kí Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949: ọmọdé tí ó ń sáré jíṣẹ́ láàárín àgbà ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa, kì í ṣe òpìtàn. A dúpẹ́ pé Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Nígbà tí mo kà á, ó ṣe mí bí ẹni pé ọmọ tí ó sọnù sí Ìbarà náà ti délé.

Mo ní láti sọ nípa ìyá mi níhìn-ín. Ọdún kẹta nìyí tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ekosodin, ojú wọn kò sì ríran kàwé mọ́. Ní alẹ́, bí kò bá sí iná, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé sí wọn létí. Èyí tí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi a máa yí i padà bí mo ti ń lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí nípa ìwékíwèé: "Ṣé òótọ́ ni?" Ìwé méjì péré ni wọn kì í bi mí bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Èkíní ni Bíbélì. Èkejì ni Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, tí David Hinderer túmọ̀, tí ó sì jáde ní 1866. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àlá ni Bunyan fi gbogbo rẹ̀ ṣe, pé kò sí ẹni tí ó rin ìrìn náà rí, wọ́n ní, "Èmi ti rìn ín."

Nítorí náà ẹ̀rù ń bà mí láti ka Sẹ̀gilọlá sí wọn létí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á mọ̀ ọ́n. Ní 1929 ni àwọn lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin Èkó kan tí ó ti gbó, tí àìsàn dá wó, ni ó ń jẹ́wọ́ bí ó ṣe lo ẹwà rẹ̀ nílòkulò ní ìgbà èwe. Ẹsẹ Bíbélì àti orin ìjọ ni ó fi ń nu ojú. Ó ń fi orúkọ àwọn kan pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ ṣe máa ń ṣe. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Olóòtú náà, I. B. Thomas, ni ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀! Ní 1930 ó di ìwé, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wù ìtàn ìgbésí-ayé àti ti ìwé ìgbàgbọ́ ni ó jọ wọ̀ wá sáyé. Nígbà tí Fágúnwà náà dé ní 1938, Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀ ni ó wá bá òǹkọ̀wé pé kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Mo mọ̀ pé Fágúnwà tún kọ Ìrìnàjò, nípa ìrìn tí òun fúnra rẹ̀ rìn lọ sí Ìlú Ọba, ó sì jáde ní 1949. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fi ojú kan ìwé yẹn, bí a ti mọ Ògbójú Ọdẹ tó?

Ìyá mi gbọ́ Sẹ̀gilọlá dé òpin. Mo ní irọ́ ni, ọkùnrin ni ó kọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọkùnrin náà gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin."

Ní ti àwọn ìwé ẹ̀rí tí a ń tà káàkiri òde òní, n kò fẹ́ purọ́: wọ́n máa ń sú mi. Kì í ṣe pé n kò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń yára débẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ojú ìwé kan ènìyàn wà nínú ọ̀fìn, ní ojú ìwé kejì ó ti ń yọ̀. Ọ̀kan tí ó sàn nínú èyí tí mo rà kan ìlú tí mo ń gbé yìí gbọ̀ngbọ̀n: ìtàn Benson Idahosa, tí ó dá ìjọ Church of God Mission sílẹ̀ ní Ìbíní, tí ó sì kú ní 1998. Ruthanne Garlock, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ ní 1981. Ó ròyìn pé ní ìgbà ọmọ ọwọ́, wọ́n gbé ọmọ náà sọ sórí ààtàn nítorí wọ́n rò pé ó ti kú. Òjò rọ̀, ó ké, a sì gbé e padà wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ìyá rẹ̀ láàárín ìgbà tí ó fi ààtàn sílẹ̀ àti ìgbà tí ó gbọ́ igbe. Ìwé náà ti kọjá lọ ní tirẹ̀.

Ìyá mi náà ní ẹ̀rí tiwọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ ní ìsìn ìdúpẹ́ ọdọọdún: "Ọdún méje ni mo fi wá ọmọ, ní ọdún kẹjọ Olúwa dá mi lóhùn." Ìjọ a sì pariwo Halelúyà. Ọdún méje, gbólóhùn kan. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹṣin Àjàyí sí wọn, wọn kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Wọ́n ní, "Wọ́n fẹ́ fi èmi náà pààrọ̀." Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ fún mi pé ní ọdún karùn-ún, àwọn ará ilé ọkọ ti mú obìnrin mìíràn wá, wọ́n sì ti ní kí ìyá mi kó kúrò ní yàrá wọn fún un. Wọ́n di aṣọ wọn ní ìdì kan, wọ́n dé ìdíkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ti jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí pé àwọn oníbàárà jẹ wọ́n lówó àkàrà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n lọ gba owó náà. Kí wọ́n tó padà dé, ọkọ̀ ti lọ. Wọn kò gbìyànjú mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n bí mi.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ èyí rí nínú ìjọ. Wọ́n ní, "Ṣé àkàrà ni kí n fi jẹ́rìí?"

Èmi rò pé àkàrà yẹn ni ẹ̀rí náà gan-an. Ohun tí Crowther ní, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìgbàgbọ́ kò ní, nìyẹn. Òun náà gbà pé Ọlọ́run ni ó ń darí òun, ó tilẹ̀ ka ọjọ́ ìbànújẹ́ náà sí ọjọ́ ìbùkún. Síbẹ̀ kò tìtorí èyí fo ọjọ́ kan. Nígbà tí ó sì tún bá ìyá rẹ̀, Àfàlà, pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846, ẹni tí ó ti ka lẹ́tà 1837 yóò mọ bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ṣe gùn tó.

Ìtàn àròsọ tí mo kà kẹ́yìn ni Violence, tí Festus Iyayi kọ ní 1979. Ọ̀gbẹ́ni Iyayi ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbíní tí a jọ pààlà yìí, kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Kánò. Nínú ìwé náà, Idemudia, alágbàṣe kan ní ìlú Ìbíní, ń ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè jẹun. Ìwé náà máa ń wàásù níbi tí kò yẹ, àwọn olówó inú rẹ̀ sì burú ju bí ènìyàn ti ń burú lọ. Ṣùgbọ́n alágbàṣe kò ní àyè láti kọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a kọ ọ́. Ìyá mi kò béèrè ìbéèrè wọn lórí èyí náà. Wọ́n ní ẹni tí ó kọ ọ́ ti rí ebi rí.

Mo fẹ́ bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní ohun kan. A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn àròsọ, ewì àti eré-onítàn. Ìtàn ìgbésí-ayé kò ní ìjókòó gidi láàárín wọn. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi lè gba ìtàn ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá? Àwọn tí yóò sọ ọ́ kò ní dúró dè wá.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra ìwé àjákọ olójú-ewé ọgọ́rin, a sì ti wà nínú èkejì. Ìyá mi gbà kí n kọ gbogbo rẹ̀, àyàfi orúkọ abúlé náà àti orúkọ obìnrin kejì yẹn, nítorí pé ó ní àwọn ọmọ. Ohun tí mo bá kọ, mo ní láti kà á padà fún wọn, wọn a sì máa tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá mo ka ibi tí ọkọ̀ ti lọ. Mo ti kọ ọ́ pé, "Mo dúró ní ìdíkọ̀, ìbànújẹ́ sì dorí mi kodò."

Wọ́n ní, "Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo dúró, mo ka owó náà, kò pé."

Mo pa tèmi rẹ́, mo sì kọ tiwọn.