Tẹ̀tẹ̀règún Ẹ̀yìn Kànga

Ọ̀rọ̀ ewé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀tẹ̀ yìí.

Tẹ̀tẹ̀règún wà lẹ́yìn kànga wa ní Okokomaiko. Màmá mi ló gbìn ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wá síbẹ̀, wọ́n gbé òrìṣà wọn lọ́wọ́ kan, wọ́n di gbòǹgbò ewé yìí sínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kejì. Irà ló pọ̀ ládùúgbò wa nígbà náà. Èèyàn lè já ewé lójú ọ̀nà Iba láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báyìí ńkọ́? Ilé ti bo gbogbo ẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn tí màmá papò dà, mo hú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo lọ gbìn ín síwájú ilé kí àwọn tó ń kọjá lè rí òdòdó ẹ̀, funfun tó ní ìyeyè nínú, tí kì í pé ju ọjọ́ kan lọ. Ọmọ mi tó wà ní London ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní níbẹ̀, wọ́n ń gbin òdòdó kan tó ń jẹ́ iris, tí gbòǹgbò ẹ̀ jọ atalẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀yìn gbòǹgbò náà sílẹ̀ kí oòrùn lè pa á. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù kan tí gbogbo ẹ̀ fi gbẹ. Ìyá olórìṣà kan ní Iba rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé ewé tútù ń yáná?” Omi àti ibòòji ló fẹ́.

Ọdún yẹn gan-an la sọ ọmọ lórúkọ nílé wa. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin wà nílẹ̀ fún omi ẹ̀rọ̀, ó ku tẹ̀tẹ̀règún. Èyí tó kù lẹ́yìn kànga ò tíì yọ igi. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ kan, mo ra ìdì kan. Babaláwo wa kàn fọwọ́ kàn án ni, wọ́n ní, “Èyí kọ́.” Ewé tẹ̀tẹ̀règún máa ń lọ́ yí igi ẹ̀ ká bí àtẹ̀gùn ni, èyí tí mo rà, ọ̀tún àti òsì ni ewé ẹ̀ tò sí. A fi èyí tó wà ṣe é, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Àfi bí àbúrò mi ṣe dé tó ní òun fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Kò kúkú jẹ̀bi: òjò tó kọjá, omi dé ibi mátírẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti 2023 tí ìjọba Èkó ti ń fún wa nísinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ hù nílẹ̀ ẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò má baà sọ̀rọ̀.

Mi ò bá a jà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo hú gbòǹgbò náà, mo gé e sí mẹ́sàn-án, ojú kọ̀ọ̀kan lára ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni gé iṣu èbù. Mo jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ gbẹ díẹ̀, mo wá rì wọ́n sínú ilẹ̀dú tó ní ewé jíjẹrà, kò ju ìka méjì lọ sísàlẹ̀. Ẹ má gbìn ín síbi tí omi ọṣẹ ń gbà o. Ẹ tún lè gé igi ẹ̀ ní oríkèé-oríkèé kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó hù.

Mẹ́rin lọ sí Iba, méjì sí Ojo. Mẹ́ta wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí mo lu nídìí. Méjì ti hù. Ẹ̀kẹta ò tíì hù, mo sì ń tú u wò láràárọ̀. Lánàá, mo rí i pé ẹnìkan ti gbé e kúrò lójú oòrùn lọ sábẹ́ òrùlé àbúrò mi. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sì bi í.