Ìwé Kékeré Mi ní Rye Lane

Olùkọ́ wa ní ká lọ sí Rye Lane, ká kọ ohun tí a bá rí, tí a bá gbọ́, tí a bá gbóòórùn sílẹ̀. Èmi kọ: "Ọjà náà dára." Olùkọ́ ní, "Ó dára báwo?" Mi ò mọ èsì.

Mo tún bá mọ́mì mi lọ. Mo kọ: ìgbín ń gun ara wọn nínú ike. Òórùn pańla. Ọkọ̀ ojú irin ń dún gììrì lórí afárá. Iṣu.

Ẹsẹ̀ ń dun Màmá Àgbà, wọn ò lè lọ sọ́jà mọ́. Mo kà á fún wọn. Wọ́n dijú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Iṣu yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Mi ò kọ ìyẹn! Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá wò ó dáadáa fún wọn.