Ohun tí àwọn ọmọ wa ń rò kí wọ́n tó lọ rí dókítà ọpọlọ



Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under G máa ń wá bá mi, wọ́n á ní orí ló ń fọ́ àwọn. Bí a bá jókòó díẹ̀, òótọ́ á yọjú: wọn ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wọlé, ẹkún á kàn gbọ̀n wọ́n. Tí mo bá dárúkọ dókítà ọpọlọ, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Aro ni?" Wọ́n rò pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kàn.

Bẹ́ẹ̀ ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn Aro máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á béèrè oorun, oúnjẹ, ẹ̀kọ́, àti bóyá ó ń mu nǹkan. Gbogbo èèyàn kọ́ ni wọ́n ń fún lóògùn. Ẹni tí wọ́n bá fún, kó má retí ìyanu lọ́la: oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jù ú nù. (Àwa òbí náà ń dá kún un: "Ṣé ara ò tíì yá ni?")

Wọ́n tún máa ń bẹ̀rù pé a ó sọ fún mọ́mì. Àṣírí ọmọ tó ti pé ọdún 18, tirẹ̀ ni, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ọmọ tó bá ní ayé ti sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà; àdúrà lè máa bá a lọ nínú ọkọ̀.